Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Aláró Ìlọrin Lórí Omi Aró Tí Ń Ṣàn Wọ Odò Àsà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Ìlọrin àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa aláró àti aládìrẹ ìlú Ìlọrin, pẹ̀lú àwọn ahunṣọ tí ń rẹ òwú láró, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fún wa ní ilẹ̀ kan tí gbogbo wa yóò ti máa tọ́jú omi aró kí ó tó dé odò Àsà.

Ẹ̀lú àti omi eérú ni àwọn ìyá wa fi ń po aró. Kọ́sítíìkì sódà àti háídrósọ́fáìtì, kẹ́míkà tí ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi, ni ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí. Sódà a máa bó ni lára. Háídrósọ́fáìtì a máa fa atẹ́gùn inú omi tán, ẹja a sì kú. Lórí òṣùwọ̀n pH, tí ń lọ sókè bí agbára sódà bá pọ̀ nínú omi, tí ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì bá pọ̀, tí omi lásán sì ti wà ní 7, omi tí a ń dà nù sábà máa ń ju 10 lọ, bẹ́ẹ̀ láàrin 6 sí 9 ni òfin àyíká Nàìjíríà fẹ́ kí ó wà.

Ọ̀nà àtúnṣe kò ṣàjèjì sí wa. Gbogbo aláró ló mọ̀ pé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú aró kì í tíì dúdú, àfi bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi rẹ̀ rí: bí a bá rò ó dáadáa títí atẹ́gùn fi wọ inú rẹ̀, agbára háídrósọ́fáìtì á tán, aró á sì padà di egunrín tí kò lè yọ́ mọ́. Ìgbà yẹn ló kan ásíìdì tí yóò pa agbára sódà. A kò gbọdọ̀ fi ásíìdì ṣáájú, nítorí bí ó bá bá háídrósọ́fáìtì tí kò tíì kú, èéfín tí ń fún ni lọ́fun ni yóò yọ. Bí òṣùwọ̀n bá ti wà láàrin 6 sí 7, a ó po álọ́ọ̀mù sí i, egunrín á ṣù pọ̀, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, omi á tòrò, a ó sì sẹ́ ẹ gba inú yanrìn àti èédú. Iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi kì í bá ọ̀nà yìí kúrò. A kò ní tàn yín jẹ lórí ìyẹn.

Oníkálukú kò lè ṣe èyí nínú agbo ilé rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré tí kànga kò sì jìnnà. Èyí tó tún ṣòro jù ni pé omi àárọ̀ lè jẹ́ kìkì sódà, kí ti ìrọ̀lẹ́ jẹ́ omi tí a fi ṣan aṣọ lásán, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní mọ ìwọ̀n álọ́ọ̀mù tó yẹ. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ́kọ́ dà pọ̀ nínú kòtò ńlá kan tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, agbára rẹ̀ á dọ́gba.

Nítorí náà, ilẹ̀ àti kòtò wọ̀nyí ni a ń tọrọ, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ nípa ásíìdì, àti ibi tí a ó máa kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbígbẹ sí tí àgbàrá òjò kò ní gbé e. Ẹgbẹ́ yóò pèsè àwọn tí yóò gbẹ́ kòtò, owó oṣooṣù wa ni a ó sì fi máa ra álọ́ọ̀mù, yanrìn àti èédú. A bẹ̀ yín kí ẹ dá wa lóhùn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ kòtò lè parí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, fún gbogbo ẹgbẹ́ aláró