Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ilẹ̀ Tó Ń Yọ̀

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá, 2025
Ẹsẹ Bíbélì: Òwe 24:17-18

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ẹ kú ọjọ́ Olúwa, ẹ sì kú làálàá ọ̀sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ lórí ìdá mẹ́wàá ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ojú ewé yìí láti ọjọ́ Ajé. Mo ti fà á ya. Ìdá mẹ́wàá lè dúró dìgbà mìíràn.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, èèyàn mẹ́sàn-án péré ló wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì. Mo mọ ohun tó dá àwọn yòókù dúró. Yankees, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú New York wa, ń bá ẹgbẹ́ Toronto gbá bésíbọ́ọ̀lù ní pápá wọn tí kò jìnnà sí wa rárá, bí wọ́n bá sì pàdánù lálẹ́ ọjọ́ náà, ọdún yìí ti parí fún wọn nìyẹn. Wọ́n pàdánù, 5 sí 2. Nígbà tí èmi máa wọ ọkọ̀ ojú irin nọ́ńbà 4, àwọn tó ń ti pápá bọ̀ ti kún inú rẹ̀, gbogbo wọn sì pa lọ́lọ́ bí ará ilé ọ̀fọ̀. Bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ti sùn lé èjìká, aṣọ kan náà ni bàbá àti ọmọ wọ̀, nọ́ńbà 99 wà lẹ́yìn méjèèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dé fìlà ẹgbẹ́ Boston wá dìde, ó ń pariwo pé Yankees ti já, kí wọ́n lọ sùn, ó sì ń fi fóònù rẹ̀ ya ojú àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe fajúro.

Boston! Àwọn tí wọ́n ti lé kúrò nínú ìdíje kan náà ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú! Kò sí oúnjẹ kankan tó kù fún un lórí tábìlì náà mọ́, ló bá ń fi omijé ẹlòmíràn pa òùngbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kí n tó báni wí. Mets, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù New York kejì, lèmi fẹ́ràn, láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ dé ìlú yìí tí mo ń gbé ní Queens. Ní 28 Oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, Mets lọ pàdánù sí ọwọ́ Marlins ti Miami, 4 sí 0, wọn ò sì lè wọlé. Ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn ọmọkùnrin inú ẹgbẹ́ akọrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé "Bàbá, ẹ kú ìdárò, Olúwa yóò tu ìjọ nínú." Nítorí náà, ní Ọjọ́rú, nínú ọkọ̀ ojú irin, tí mo rí gbogbo ojú tó rẹ̀wẹ̀sì yẹn, inú mi dùn. Mo gbé Bíbélì mi bo ẹnu kí wọ́n má baà rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín. Bíbélì ni mo gbé bo ẹnu o.

Ìgbà tí mo délé ni mo ṣí fóònù, tí mo sì bá ohun kejì tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo sì ṣí ìwé Òwe.

"Má ṣe yọ̀ nígbà tí ọ̀tá rẹ bá ṣubú, má sì ṣe jẹ́ kí inú rẹ kí ó dùn nígbà tí ó bá kọsẹ̀: kí Olúwa kí ó má baà rí i, kí ó sì burú lójú rẹ̀, òun a sì yí ìbínú rẹ̀ padà kúrò lórí rẹ̀."

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ka ẹsẹ yìí, mo sì máa ń sáré kọjá ìdajì rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ohun tó ń sọ ni pé kí o pa ojú pọ̀, kí o ṣe bí ẹni pé o ń káàánú, kí Ọlọ́run lè máa na ọ̀tá rẹ lọ? Bí o bá rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á jù ú sílẹ̀. Nítorí náà má rẹ́rìn-ín? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọgbọ́n àrékérekè ni, kì í ṣe ìwà mímọ́. Mo bá a jà títí aago kan òru kọjá.

Ohun tí mo rí nìyí, ẹni tó bá rí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó wá sọ fún mi. Ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ni Ọlọ́run gbé ojú kúrò lára ẹni tó ṣubú. Ọ̀dọ̀ rẹ ló gbé e wá. Títí di ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rín rẹ ló pè é wá. Ìbínú tó kúrò lórí ẹnì kejì, ibo ló gbà lọ? Sólómọ́nì ò sọ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí àgbàlagbà tó sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì tó sì dákẹ́ láti wo ojú ọmọ.

Ẹ tún wo ẹsẹ tó wà lókè rẹ̀, ìkẹrìndínlógún. Ta ló ṣubú níbẹ̀? Olóòótọ́ ni. Ó ní olóòótọ́ a máa ṣubú nígbà méje, a sì tún dìde. Kí ojú rẹ tó kúrò lára ẹni rere tó ń ṣubú, ni ó bá sọ fún ọ pé kí o má yọ̀ bí ọ̀tá rẹ bá ṣubú. Ta ló wá sọ fún ọ pé èèyàn méjì ni wọ́n? Ẹni tí o pè ní ọ̀tá lè jẹ́ olóòótọ́ Ọlọ́run tó wà nínú ìṣubú rẹ̀ kẹta, ó ku mẹ́rin, yóò sì dìde.

Èdè tiwa pàápàá kìlọ̀ fún wa. Ohùn kan náà la fi ń pe kí èèyàn yọ̀ àti kí ilẹ̀ yọ̀. Ẹ pè é kẹ́ ẹ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí bésíbọ́ọ̀lù díẹ̀. (Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kì í wò ó, ẹ fara balẹ̀: eré ni tí èèyàn máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tó máa kúrò nílé, tó máa sáré yí ká, tó sì gbọ́dọ̀ padà wálé kó tó lè jẹ àmì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn.) Ní 2 Oṣù Kẹwàá, ilé wa níhìn-ín ló ń yọ̀. Yankees ti ṣẹ́gun Boston 4 sí 0. Cam Schlittler, ọmọ ọdún 24, ló ju bọ́ọ̀lù fún odidi ìpele mẹ́jọ. Ìgbà 12 ni àwọn ará Boston gbé igi wá tí wọn kò rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá tí wọ́n fi ní kí wọ́n lọ jókòó. Walpole ni ọmọ yìí ti dàgbà, ní Massachusetts, lẹ́bàá Boston. Ọmọ ilé wọn ló lé wọn lọ sílé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe pósítà ìsìnkú fún Boston, pẹ̀lú òdòdó àti àbẹ́là, wọ́n kọ "Ó dàárọ̀ o" sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ìyá wọn tó wà ní Worcester, ní Massachusetts kan náà. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, pósítà náà padà wá. Òdòdó kan náà, àbẹ́là kan náà. Orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Èmi ò sọ pé Ọlọ́run ló gbé Toronto dìde láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ìdíje 94 ni Toronto jẹ nínú ọdún, 94 náà ni Yankees jẹ. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì mọ eré ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ wa la fi ya pósítà tí wọ́n fi sin wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láàárín ìlú méjèèjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí Boston bá ti wá sí Bronx, níbi tí pápá Yankees wà, orin tí wọ́n fi ń pàdé wọn nípápá ni "1918! 1918!", nítorí ọdún yẹn ni Boston gba World Series, ife-ẹ̀yẹ tó ga jù nínú bésíbọ́ọ̀lù, kẹ́yìn. Wọ́n sọ ọdún ìṣubú àwọn ẹlòmíràn di orin. Ó wá di 2004. Yankees fi ìdíje mẹ́ta sí òdo ṣáájú Boston, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ mẹ́rin ló ń lọ sí World Series, ìkẹta sì jẹ́ 19 sí 8, nínú ilé Boston fúnra wọn. Kò tíì sí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńlá kan tó padà bọ̀ láti inú irú kòtò yẹn rí. Boston gba mẹ́rin léra, wọ́n parí rẹ̀ ní pápá Yankees níhìn-ín, 10 sí 3, wọ́n sì lọ gba World Series, lẹ́yìn ọdún 86. Látọjọ́ náà, orin 1918 ò ṣeé kọ mọ́. Boston náà ò wá kọ́gbọ́n o. Ẹ ti gbọ́ nípa ọmọkùnrin inú ọkọ̀ ojú irin.

Eré nìyẹn ṣá. Nínú eré, ẹni tó bá já lónìí á padà wá ní oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀, òdo sí òdo, kò sí ẹni tí ebi pa. Ẹ máa fi Mets ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, mo fara mọ́ ọn.

Ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló gba oorun lójú mi.

Àpòòwé ìdúpẹ́ kan wà lórí tábìlì mi láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò ṣí i, mi ò sì ní kà á síta nínú ilé Ọlọ́run. Ẹni tó fi í síbẹ̀ mọ ara rẹ̀. Ọ́fíìsì mi ṣí sílẹ̀ títí aago mẹ́rin lónìí, kó wá gba owó rẹ̀. Pẹpẹ kì í ṣe ibi tí a ti ń jẹun lórí òkú ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, tí ẹ kọ "ẹ wo iṣẹ́ Olúwa" sí i lórí: nígbà tí Sọ́ọ̀lù kú, ẹni tó ti fi ọ̀kọ̀ lé Dáfídì ká inú ilé, kí ni Dáfídì sọ? "Ẹ má ṣe sọ ọ́ ní Gátì, ẹ má ṣe kókìkí rẹ̀ ní ìgboro Áṣíkélónì." Ọ̀tá gidi ni Sọ́ọ̀lù jẹ́ fún un, kì í ṣe ọ̀tá ẹnu lásán, síbẹ̀ Dáfídì fẹ́ kí ìròyìn náà kú sílé. Ẹ̀yin gbé e lọ sí Gátì. Mo gbọ́ pé ó ti dé Ìbàdàn kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́ níhìn-ín. Ìyá arúgbó kan rí i níbẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó ráyè pè é.

Ẹnì kan á sọ pé Míríámù lu ìlù nígbà tí àwọn ará Íjíbítì rì. Òótọ́ ni. Ogun kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló ń lé Míríámù bọ̀. Ta ló ń lé ìwọ? Ẹni tó kàn ń ṣe iṣẹ́ tí ìwọ náà ń ṣe, tí ẹ jọ ń jókòó sórí àga kan náà, tó gbé ọmọ rẹ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Ìgbà wo ló di Fáráò?

Ẹ̀bi náà kàn mí. Ní ìṣọ́ òru oṣù tó kọjá, èmi ni mo gbé ohùn sókè pé kí gbogbo ọ̀tá wa ṣubú, ẹ sì dáhùn "Àmín" tí fèrèsé fi mì. Mi ò ní kí a má gbàdúrà ààbò. Ṣùgbọ́n mi ò béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ni ẹ ní lọ́kàn bí ẹ ṣe ń ṣe Àmín yẹn, ó sì yẹ kí n béèrè. A ò ní gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ní ìṣọ́ òru tó ń bọ̀. Bí ó bá mú kí èèyàn mẹ́ta péré wá, ó tó.

Mo ti le jù bóyá. Ẹ mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà yìí, mo mọ arábìnrin kan tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, tó kàn se ọbẹ̀, tó gbé e wọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì méjì, tó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kan títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Mo mọ ọmọkùnrin kan nínú àwọn tó ṣe pósítà Boston tó pè mí lálẹ́ Ẹtì pé, "Bàbá, ṣé mo lè lọ bá wọn gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù?" Mo sunkún. Ọlọ́run ò tíì kó ẹsẹ̀ kúrò láàárín wa.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje alẹ́, mo ń lọ sí ilé náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó wá. Kó gbé oúnjẹ lọ́wọ́, kó fi fóònù sílẹ̀ sínú ọkọ̀. A ò ní wàásù. Bí wọ́n bá ní ká lọ, a ó lọ. Bí wọ́n bá ní ká jókòó, a ó jókòó. Ìwọ tí o ni àpòòwé, àyè wà fún ọ nínú ọkọ̀ mi, níwájú.

Ìránṣẹ́ yín nínú Kírísítì,
Olùṣọ́-àgùntàn yín

ÌKÉDE: Ọ́fíìsì ìjọ kò ní ṣí lọ́la, ọjọ́ Ajé, nítorí ìsinmi ìjọba. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ń lọ ní Ọjọ́rú, aago méje. Kò sí Yankees mọ́, nítorí náà mi ò retí àwáwí. (Toronto ń gba Seattle lálejò lálẹ́ òní, ẹ wò ó nílé yín.) Ìpàdé ìmúrasílẹ̀ Ìkórè lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá má tètè lọ. Aago ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní 2 Oṣù Kọkànlá. Ẹni tó ń gbé mọ́tò síwájú ẹ̀rọ omi àwọn panápaná, wọ́n ti kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún un lẹ́ẹ̀mejì, ìjọ kò ní san ìkẹta. Ìkòkò ńlá kan tó ní ìdérí pupa wà ní kíṣìnnì láti ọjọ́ ìsìn ọpẹ́. A ti fọ̀ ọ́, ẹni tó ni ín kó wá gbé e.