Lẹ́tà sí Iye mi (ìyá mi) ní Kàbà

Iye mi, okun o. Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Orúnkún yín ńkọ́? Kí Bọ̀ọ̀dá bá mi ka lẹ́tà yìí fún yín jẹ́jẹ́, kó má sáré kà á o.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí l'Ọlọ́run wí nípa Kánádà tí mo fẹ́ ti Áyálándì níbí ṣí lọ. Iye, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo bá lọ rí Fádà ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ló sọ ìtàn Ignatius ará Loyola fún mi. Sójà ni, ọta àgbá fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ní Pamplona ní Sípéènì lọ́dún 1521, ó wá dùbúlẹ̀ sílé, ó ń wá ìwé ìtàn àwọn jagunjagun tó fẹ́ràn, kò rí, ìwé ayé Jésù àti tàwọn ẹni mímọ́ ló wà ńlé. Ló bá kíyè sí i pé tóun bá ń ro bóun ṣe máa gbayì lójú obìnrin ńlá kan, inú òun á dùn, àmọ́ tóun bá rò ó tán ọkàn òun á gbẹ táútáú, tóun bá sì ń ro bóun ṣe máa sin Ọlọ́run, ayọ̀ yẹn kì í lọ. Inú èrò ọkàn ẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti ń bá a sọ̀rọ̀!

Látìgbà yẹn, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, màá pa fóònù, màá dúpẹ́, màá wá yẹ ọjọ́ yẹn wò látàárọ̀. Bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tẹ́ ẹ bá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, tẹ́ ẹ máa ń dá sọ̀rọ̀ pé "ṣé mo ṣe dáadáa lónìí báyìí?" Mi ò mọ̀ pé àdúrà ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo bi ara mi pé, tí ẹnikẹ́ni ní Kàbà ò bá ní gbọ́ pé mo wà ní Kánádà, ṣé màá ṣì fẹ́ lọ? Iye, mo sunkún. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ti lọ ni mò ń sá tẹ̀ lé, mo wá ń pè é ní ìpè Ọlọ́run. Àmọ́ tí mo bá wẹ ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́ tán, tó di ọwọ́ mi mú, ayọ̀ yẹn á bá mi délé, á tún bá mi jí.

Ignatius ní kéèyàn má yí ìpinnu padà nígbà tí ọkàn bá dàrú, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe tíì fún àwọn ará Kánádà lésì, mo fẹ́ kí inú mi tòrò ná.

Ẹ jọ̀ọ́ Iye, ẹ má torí mi lọ bá aríran kankan, owó èso kájú tẹ́ ẹ tà yẹn, ẹ fi tọ́jú orúnkún yín. Tẹ́ ẹ bá pè ní Sọ́ńdè, ẹ bi mí pé kí ló fún mi láyọ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ọmọ yín.