Wọ́n ta ilé búrẹ́dì, owó òṣìṣẹ́ wọgbó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí: bí ọ̀gá kan bá ta ilé iṣẹ́ rẹ̀, ta ni yóò san owó tó jẹ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́? Lóṣù tó kọjá ni wọ́n ta ilé búrẹ́dì kan ládùúgbò wa ní Ìbàdàn níbí. Ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò mi obìnrin ti ń po fúláwà níbẹ̀. Owó oṣù méjì ni ọ̀gá àtijọ́ jẹ wọ́n. Ọ̀gá tuntun kó gbogbo wọn jọ, ó ní ààrò, ẹ̀rọ àti ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì lòun rà, òun ò ra gbèsè ẹnikẹ́ni. Wọ́n pe ọ̀gá àtijọ́ lórí fóònù, ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ní kí wọ́n lọ bá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Báyìí ni owó oṣù méjì ṣe wọgbó.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀gá tuntun ní ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó wá gba iṣẹ́ lọ́tun, lówó oṣù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tó pẹ́ jù níbẹ̀ ló sì kọ́kọ́ lé dànù, torí pé owó tiwọn ló ga díẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé òfin wà. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti 1971. Abala 10 rẹ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ gbé àdéhùn iṣẹ́ láti ọwọ́ ọ̀gá kan fún ọ̀gá mìíràn àfi kí òṣìṣẹ́ náà gbà, kí aṣojú ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ sì buwọ́ lù ú, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé ẹnikẹ́ni ò fipá mú un. Abala 11 ní ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, oṣù kan gbáko ṣáájú ni kí wọ́n ti sọ fún un pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́. Abala 20 ní bí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, àfi bí iṣẹ́ tirẹ̀ bá dáa ju ti ẹlòmíràn lọ. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n tẹ̀ lé? Kò sí aṣojú ìjọba kankan tó yọjú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agbowó-orí tètè gbọ́ pé ilé búrẹ́dì ti yí ọwọ́, àwọn tó ń gbowó pátákó náà gbọ́. Gbogbo ẹni tó ní owó í gbà ló dé, àwọn tó yẹ kó gbèjà òṣìṣẹ́ nìkan ni ò gbọ́!

Ní Ìlú Ọba tí ọ̀gá àtijọ́ kó lọ, láti 1981 ni wọ́n ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2006. Bí ilé iṣẹ́ bá yí ọwọ́ níbẹ̀, òṣìṣẹ́, iye ọdún tó ti lò àti owó tí wọ́n jẹ ẹ́, ọwọ́ ọ̀gá tuntun ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹni tó ra ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ kò lè sọ pé òun ò mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ṣe nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó ta ilé iṣẹ́, bó ti wù kó kéré mọ, kó kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ sínú ìwé kan: ọjọ́ tí kálukú bẹ̀rẹ̀, owó oṣù rẹ̀, iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Kí ẹni tó ń tà, ẹni tó ń rà àti ẹnìkan tí àwọn òṣìṣẹ́ yàn jọ buwọ́ lù ú, kí aṣojú ìjọba lu òǹtẹ̀. Kí wọ́n yọ gbèsè òṣìṣẹ́ kúrò nínú owó tí wọ́n ta ilé iṣẹ́ kó tó dọ́wọ́ ẹni tó tà á. Bí ìwé yìí ò bá sí, kí ìjọba ìbílẹ̀ má fún ọ̀gá tuntun níwèé àṣẹ. Ìwé àṣẹ yìí ló máa jẹ́ kí wọ́n gbọ́ràn, torí láìsí i, wọn ò lè tajà. Ká ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà, owó oṣù méjì yẹn ì bá ti dọ́wọ́ àbúrò mi kí ẹnikẹ́ni tó wọ bàálù.

Kí wọ́n máa fún òṣìṣẹ́ níwèé ìgbanisíṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí abala 7 ti wí. Kí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, tó kàn án nípá fún ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, sọ̀ kalẹ̀ dé àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì wà ní Ìbàdàn níbí, àmọ́ owó lọ́yà nìkan ju gbèsè oṣù méjì lọ. Kí wọ́n ya ọjọ́ sọ́tọ̀ níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ yóò lè ro ẹjọ́ owó kékeré fúnra rẹ̀, láìgba lọ́yà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.