Lẹ́tà sí Evi, nítorí àwòrán tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀

Evi Sachenbacher-Stehle, àbúrò mi,

Ká ní èdè Jámánì ni mo fi ń kọ ìwé yìí, "Sie" ni mi ò bá máa pè ọ́, torí a ò pàdé rí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́, ọdún mẹ́fà ni mo sì fi jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n kì í pe àbúrò ní "ẹ̀yin". Wá jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Eré ski Òlíńpíìkì ni, wọ́n ń gbé e bọ̀ láti Tesero. Mo yíjú padà, mo rí òkè Val di Fiemme, ọwọ́ mi dúró sínú omi ẹ̀wà. Mo ní, "Ibẹ̀ nìyẹn! Ibẹ̀ ni Evi ti…" Mi ò parí rẹ̀. Ọmọ mi tó jókòó nídìí tábìlì bi mí pé, "Ta ni Evi?"

Ó mọ̀ ọ́ o. Ó kàn gbàgbé ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé 2003 ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ, Manuela Henkel, Viola Bauer àti Claudia Künzel, ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ sá eré ski fún Jámánì, tí ẹ gba wúrà Òlíńpíìkì lọ́dún tó ṣáájú, ẹ tún lọ gba ti àgbáyé níbẹ̀. Ìwọ nìkan tún gba fàdákà lẹ́yìn Kristina Šmigun ọmọ Estonia. Ṣùgbọ́n ti 2003 kọ́ ló gbé mi dé ìdí ìwé kíkọ. Ti 2002 ni, àti ti 2014. Ọjọ́ kan náà, oṣù kan náà: ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejì. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ náà ti kà á rí pé ọjọ́ kan náà ni. Èmi ti kà á títí.

Ọjọ́bọ̀ ni ti 2002. Ilé àlejò kékeré kan láàárín Ruhpolding àti Reit im Winkl ni mo ti ń ṣiṣẹ́, oṣù kẹrin mi nílẹ̀ Jámánì. Mò ń fọ ilé ìwẹ̀, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń lọ aṣọ. Màmá tó ni ilé náà ò burú sí mi, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wa ju ti iṣẹ́ lọ: yàrá mẹ́ta, aṣọ ìnura, ó ti tó. Èmi ò gbọ́ èdè, sùúrù tiwọn náà ò pọ̀. Wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, èmi ń lọ ìbòrí ìrọ̀rí lẹ́yìn wọn. Mi ò mọ ohunkóhun nípa ski. Ohun tí mo rí kò ju àwọn obìnrin tó gbé pátákó gígùn sẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gún yìnyín, tí itọ́ ti dì sí wọn lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ ohun tí mo wò lọ́jọ́ náà. Eré relay ni: obìnrin mẹ́rin, kìlómítà márùn-ún márùn-ún, bí ọ̀kan bá parí ni èkejì á gbéra, ìwọ ni wọ́n fi ṣe àṣekágbá. Àwọn Rọ́ṣíà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ò sí níbẹ̀: ọjọ́ náà gan-an ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Larisa Lazutina gbé gbogbo wọn ṣubú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ku ìwọ àti Anita Moen ọmọ Norway, obìnrin tó fi ọdún mẹ́tàlá jù ọ́ lọ. Nígbà tí ẹ fi máa já sí ojú ọ̀nà tààrà tó kẹ́yìn, Màmá dìde. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú, ọwọ́ tó yẹ kó wà lórí áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù dojú dé ìbòrí ìrọ̀rí. Mo ń gbóòórùn rẹ̀, mi ò lè fa ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n ń pariwo "Evi! Evi!" títí o fi ré kọjá ìlà, tí ìwọ fi ìwọ̀n mímí ẹ̀ẹ̀kan ṣáájú Moen. Aṣọ náà ti jó, àmì rẹ̀ rí bí ewé kòkó gbígbẹ. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n di mọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa dì mọ́ mi ní ilẹ̀ yẹn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni ọ́. Ọjọ́ méjì ṣáájú, o ti gba fàdákà lẹ́yìn Yuliya Chepalova.

Màmá gé àwòrán rẹ kúrò nínú ìwé ìròyìn, wọ́n fi sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ sábẹ́ àwòrán Rosi Mittermaier, ọmọ Reit im Winkl bíi tìrẹ, tó gba wúrà méjì ní 1976. Àtọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi eré yín kọ́ mi ní èdè Jámánì. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀pá ski àti ọ̀dà tí wọ́n ń fi pa á kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe àlùbọ́sà. Mo ti ara rẹ wọ inú ilé yẹn, Evi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ fi ń ká mi lára ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní Turin, 2006, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, wọ́n ní hemoglobin rẹ, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara, ga ju ìwọ̀n lọ, wọ́n ní kó o jókòó fún ọjọ́ márùn-ún. Wọn ò pè é ní ẹ̀sùn. Wọ́n ní nítorí ìlera rẹ ni. Màmá gbèjà rẹ bí ẹni ń gbèjà ọmọ inú wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra bíà nílé yẹn lọ́sẹ̀ náà, tó sì sọ ohun tí kò dáa nípa rẹ, tìtìjú-tìtìjú ló ń lọ. O padà sínú eré, ẹ gba fàdákà relay lẹ́yìn Rọ́ṣíà. Ní Whistler, 2010, ìwọ àti Claudia, tó ti di Nystad nígbà náà, ẹ gba wúrà eré ẹlẹ́ni-méjì, ẹ fi Sweden àti Rọ́ṣíà sẹ́yìn. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. Mo pọ̀n ọ́n, mo jó káàkiri yàrá, mo sì fi tẹlifóònù pe Màmá, a jọ ń pariwo síra wa létí, ẹnì kankan ò gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ.

Ní 2012, o fi ski lásán sílẹ̀, o gbé ìbọn kọ́ èjìká, o ní biathlon lo fẹ́ ṣe. Ẹni tó ti gba wúrà Òlíńpíìkì méjì wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú èémí dúró kó tó yìnbọn. Mo rò ó nígbà náà pé obìnrin tó bá lè tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó yẹ kí èmi náà lè lọ kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Mo sì lọ. Ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri mi lónìí.

Ẹ wá dé Sochi, Òlíńpíìkì 2014. Ipò kẹrin nínú eré tí gbogbo yín jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn Domracheva, Soukalová àti Eckhoff. Ipò kẹrin, lẹ́yìn ọdún méjì péré pẹ̀lú ìbọn! Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni ìròyìn dé.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Mo ti kó lọ sí Traunstein, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń mú ọmọ mi lọ bá Màmá tún ilé ṣe, torí ẹsẹ̀ wọn ò dáa mọ́. Bá a ṣe wọlé, àga ni wọ́n gùn. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú! Wọ́n yọ àwòrán rẹ kúrò lára ògiri, wọ́n nà án sí mi. Wọ́n ní, "Lọ kó o dànù." Wọn ò sunkún. Ojú wọn gbẹ bí ojú ọjọ́ ọyẹ́.

Mo kó o dànù, Evi. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ láti ọdún méjìlá nìyí. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mi ò ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká dúró gbọ́ tẹnu rẹ̀." Èmi tí wọ́n tipasẹ̀ rẹ dì mọ́, mo gbé ọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì dojú àwòrán náà bolẹ̀ nínú àpótí tí a ń kó bébà sí, kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ. Ọmọ mi tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Kí ló ṣe?" Mo ní, "Ó jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ." Ọmọ ọdún márùn-ún, ó ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ fa etí ọmọ nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Ó mi orí. Ó yé e.

Methylhexanamine ni wọ́n bá nínú àyẹ̀wò rẹ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo kà pé oògùn imú dídí ni láyé àtijọ́, pé ó ń ta ara jí, pé àwọn tó ń fi sínú ohun afúnnilókun máa ń fi orúkọ òdòdó geranium bò ó mọ́lẹ̀. O ní o ò mọ bó ṣe dé ara rẹ. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́ títí dòní, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí ọ! Ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ dá jókòó ní 2006, ẹni tó rí i bí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣe ba eré èèyàn mẹ́rin jẹ́ ní 2002, báwo lo ṣe lè gbé ohunkóhun sẹ́nu láìjẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dé gbòǹgbò? Ìwọ! Ìwọ tó o mọ iye yìnyín tó wà lábẹ́ pátákó ẹsẹ̀ rẹ!

Má bínú. Ẹnu ẹ̀gbọ́n ló ń sọ ọ́.

Ní oṣù Keje, àjọ biathlon àgbáyé dá ọ dúró nínú eré fún ọdún méjì. Oṣù Kẹsàn-án ni Màmá kú. Ní oṣù Kọkànlá, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ní Lausanne gbà pé inú ohun afúnnilókun ni nǹkan náà ti wọlé, pé ẹ̀bi rẹ kéré, wọ́n sì dín in kù sí oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà yẹn ti parí kí wọ́n tó kéde rẹ̀. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ìwọ sì ní o ò wọlé mọ́, o fi eré sílẹ̀.

Mo lọ síbi sàréè Màmá ní Ruhpolding láti lọ sọ fún wọn. Mo ra òdòdó, mo dúró. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ká ní "kò jẹ̀bi" ni, ọ̀rọ̀ kan ni, òkú á gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún òkú pé ẹni tó mú un bínú kú jẹ̀bi, àmọ́ díẹ̀? Mo gbé òdòdó sílẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì.

Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń se àgbo fún wa láàárọ̀ Sátidé. Ìkòkò dúdú, igbá kan, a ó tò bí ọmọ ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá ló ní mu, à ń mu. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ: ẹni tó o fọkàn tán ló ní mu.

Ọmọ mi ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ó ń sá 800 mítà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti bàbá rẹ̀, tí a ò gbúròó rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Èmi nìkan ni mo ń gbé e lọ, tí mo ń gbé e bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Lẹ́yìn tó ti bi mí ta ni Evi, mo lọ kó aṣọ ìdọ̀tí kúrò nínú báàgì rẹ̀, mo bá agolo kan níbẹ̀. Dúdú ni, ìdérí rẹ̀ aláwọ̀ wúrà. Mo ṣí i: ìyẹ̀fun pupa fẹ́ẹ́rẹ́, òórùn rẹ̀ dà bíi súwíìtì. Síbí kékeré kan wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó ti ju ìdajì lọ tí wọ́n ti lò. Mo bi í. Ó ní ẹni tó ń kọ́ wọn ló fún wọn, pé gbogbo wọn ló ń mu ún, pé fítámì ni. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

Mi ò sọ pé èèyàn burúkú lẹni náà. Mi ò mọ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi iná fóònù ka ẹ̀gbẹ́ agolo náà, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, omi ti bo apá kan. Mo wá a nínú Kölner Liste, ibi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn ohun afúnnilókun tí wọ́n ti yẹ̀ wò sí. Kò sí níbẹ̀. Mo tún wá a, mo rò pé mo ṣi orúkọ tẹ̀ ni. Kò sí.

Sátidé yìí ló fẹ́ sáré ní Munich. Bí mo bá gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ ojú tó máa fi wò mí. Ojú Màmá lórí àga ni. Bí mo bá dákẹ́, ta ló máa dojú àwòrán tirẹ̀ bolẹ̀?

Nígbà tó o ṣí tìẹ, Evi, láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tó o lò ó, ṣé ẹnì kankan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ? Bí ìyá rẹ bá bi ọ́ nígbà náà pé kí lo ń mu yìí, ṣé o ò bá dá wọn lóhùn dáadáa, àbí "ẹ má bẹ̀rẹ̀" náà lo máa sọ? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn. Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè bi.

Aago méjìlá òru ti lù. Agolo náà wà níwájú mi lórí tábìlì, mo ti dé e. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí. Omi ló ń bọ̀ wá mu. Mi ò ní gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, ní Traunstein.