Ẹ Fọ Ẹ̀rọ Amúlétutù Kí Ẹ Tó Ra Òmíràn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti fi ẹ̀hónú mi hàn lórí bí wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná ṣòfò láwọn ọ́fíìsì ìjọba wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ gba ìwé kan ní ọ̀kan nínú wọn nílùú Ìbàdàn. Ẹ̀rọ amúlétutù méjì ló ń kùn lára ògiri, síbẹ̀ òógùn bo gbogbo wa, fèrèsé wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, omi sì ń kán tó, tó, tó láti ara ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà sínú ike ọ̀dà tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Èsì tí wọ́n fún mi nígbà tí mo bèèrè ni pé ẹ̀rọ ti gbó, wọ́n sì ti kọ̀wé béèrè fún tuntun.

Ẹ̀rọ yẹn kò gbó. Wọn kò fọ̀ ọ́ ni. Láti ibi tí mo jókòó ni mo ti rí eruku ọyẹ́ tó dì mọ́ ojú asẹ́ rẹ̀ bíi kúbùsù. Bí asẹ́ bá ti dí, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà kọjá, yìnyín á máa dì sára páìpù inú, yàrá kò ní tutù bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó wà níta kò sì ní sinmi. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yìí gan-an ló ń jẹ iná jù lọ nínú ẹ̀rọ náà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí àjọ NERC, tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, kúrò ní náírà 68 sí náírà 225 lórí kílówáàtì wákàtí kan (wọ́n kàn dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni), ta ni kò mọ̀ pé irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré mọ́? Àwọn ọ̀gá tó ń buwọ́ lu ìwé owó kò kà á sí, nítorí kì í ṣe àpò wọn ni wọ́n ti ń san án.

Ohun tí mo fẹ́ ni káàdì. Kí wọ́n lẹ káàdì kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá tún un ṣe kọ ọjọ́ tó fọ asẹ́, ọjọ́ tó fi omi fọ apá tó wà níta, àti ọjọ́ tó la ojú páìpù omi, kí ó sì buwọ́ lù ú níbi tí gbogbo ará ìlú ti lè kà á. Bó bá rọ gáàsì sí i, kí ó kọ ibi tó ti ń jò, torí gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù kì í dédé tán. Bó bá dínkù, ó ń jò ni. Ẹni tó bá kàn ń rọ gáàsì lé ojú ihò, tó sì ń gbowó lọ, káàdì yóò tú u fó. Oṣooṣù ló yẹ kí wọ́n máa fọ asẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, iṣẹ́ tí omi àti búrọ́ọ̀ṣì lè ṣe láìpẹ́ rárá.

Kí wọ́n máa ti fèrèsé pẹ̀lú, kí wọ́n sì yé yí òtútù ẹ̀rọ náà sí ìwọ̀n 16 nígbà tí 24 tó.

Ṣùgbọ́n káàdì ni kó ṣáájú. Ọ́fíìsì tí kò bá lè mú un jáde, kí àwọn aṣòfin má ṣe fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ tuntun fún un. Wọn kì í fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún ra òmíràn: owó wa ni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan,
Ìbàdàn.