Lẹ́tà sí Adéọlá lórí títo ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì

Àkúrẹ́.

Adéọlá ọmọ mi,

Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ akàwé yín ní Òǹdó ní kí o bá wọn to ìwé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì mẹ́wàá tó dára jù lọ. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Àmọ́ má tíì kọ orúkọ ìwé kankan. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ óò fi wọ̀n wọ́n: ṣé bí sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ ṣe péye ni, ṣé adùn èdè rẹ̀ ni, àbí iye òǹkọ̀wé tó tọ ipa rẹ̀? Ìwé kan lè ṣe kìíní nínú ọ̀kan kó sì gbẹ́yìn nínú èkejì.

Wo àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́. Àmì ẹ̀yẹ Hugo, tí wọ́n ń fún irú ìwé yìí, bẹ̀rẹ̀ ní 1953. Àwọn tó sanwó wọ ẹgbẹ́ Worldcon, àpéjọ ọdọọdún àwọn olólùfẹ́ irú ìwé yìí, ló ń dìbò fún un. Ti àmì ẹ̀yẹ Nebula, àwọn òǹkọ̀wé ló ń dìbò. Ti àmì ẹ̀yẹ Arthur C. Clarke, ìgbìmọ̀ adájọ́ ló ń yàn án. Ìwé Dune ti Frank Herbert tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀ lónìí kò dá Hugo ti 1966 gbà, òun àti ìwé Roger Zelazny ni wọ́n jọ pín in. The Three-Body Problem ti Liu Cixin ti jáde ní Ṣáínà ní 2008, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 2014 ni àwọn olùdìbò tó rí i kà, ó sì gba Hugo ní 2015.

Ìṣirò ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ká ní ẹ jẹ́ márùn-ún, tí ipò kìíní gba máàkì 10, èkejì 9, títí dé ìkẹwàá tó gba 1. Ìwé tí ẹ̀yin márààrún kà, tí gbogbo yín fi sí ipò karùn-ún, yóò ní 30. Èyí tí ẹni méjì péré kà, tí àwọn méjèèjì sì fi ṣe kìíní, yóò ní 20. Ìwé tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú tó bẹ́ẹ̀ ti borí nìyẹn, torí pé ó wọ́pọ̀. Nítorí náà, ẹ fi iye ẹni tó kà á pín àròpọ̀ rẹ̀: 30 á di 6, 20 á di 10. Èyí náà ní ewu tirẹ̀, torí ẹnì kan ṣoṣo lè gbé ìwé tí ẹlòmíràn kò kà wá, kó sì fi borí. Ẹ ṣòfin pé ìwé tí ẹni mẹ́ta kò bá tíì kà kò ní wọlé, kí ẹ sì fún ara yín ní oṣù kan láti wá ẹni kẹta fún èyí tó bá ku ẹnì kan.

Kí kálukú kọ tirẹ̀ sínú bébà kí ẹ tó la ẹnu. Bí ẹni tó lẹ́nu jù bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyókù á máa tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan á béèrè nípa Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó, ìtòsí yín níbẹ̀. Lójú tèmi, iwin àti ànjọ̀nnú ló gbé ìtàn rẹ̀ ró, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Bí òfin tí ẹ kọ bá gbà á wọlé ṣá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi.

Má kọ "lágbàáyé" sórí rẹ̀ o. Iye yín, ọdún, àti òṣùwọ̀n tí ẹ lò ni kí o kọ síbẹ̀. Màá fi Rosewater ti Tade Thompson, tó gba àmì ẹ̀yẹ Clarke ní 2019, rán awakọ̀ sí ọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ilẹ̀ wa níbí ni ìtàn náà ti wáyé. Kí ẹni mẹ́ta tètè pín in kà.

Èmi ni ìyá rẹ.