Àbẹ̀kẹ́, fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́

Bódìjà, Ìbàdàn,
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti ń rọlẹ̀ díẹ̀? Iná ò sí láti àná, àtùpà sólà ni mo fi ń kọ èyí, nítorí náà bí ìlà mi bá wọ́, má wò ó.

Léèsì ìgbéyàwó ti dé. Àwọ̀ rẹ̀ dára ju bí wọ́n ṣe fi hàn wá lórí fóònù lọ, ó dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Mo ti gé ti ìyàwó, mo ti gé ti àwọn àǹtí rẹ̀, tìrẹ ló kù. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n mi, ìwọ̀n ọdún 2016 ni mo bá lábẹ́ orúkọ rẹ, èyí tí a fi rán aṣọ ìsìnkú Màmá. Mi ò lè fi ìyẹn gé aṣọ fún ìyá ìyàwó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ léèsì nìkan ló mú mi jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí oṣù mẹ́rin tí mi ò lè sọ lórí fóònù, torí bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹ̀rín la máa rín títí káàdì á fi tán.

Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn nọ́ọ̀sì kan jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ nítorí pé bàtà ń há mi lẹ́sẹ̀ ni. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí. Orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi. Ọmọbìnrin tó wọ̀n mí wo ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ léra." Ó tún un wọ̀n. 168 lórí 104. Ó kọ ọ́ sórí bébà pélébé kan, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà méjì yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, apá mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní ìdè tí wọ́n wé mọ́ mi lápá ní ṣọ́ọ̀ṣì lè ti kéré, pé bí ìdè bá ti fún apá jù, nọ́mbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ apá tó fún yé mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Mo fa téèpù yọ nínú báàgì, a wọ̀n ọ́n níbẹ̀: ínṣì 15. Wọ́n wá ìdè tó gbà mí. 158 lórí 98. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́ẹ̀mejì sí i kó tó dá wọn lójú, nítorí pé èèyàn kì í fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo padà lọ. Kò wálẹ̀. Ni wọ́n bá fún mi ní oògùn, ẹyọ kan láràárọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ara mi bá yá gágá, kí n má tìtorí ìyẹn jáwọ́.

Mo ní, "Dókítà, màá máa ṣe eré ìdárayá. Màá dín oúnjẹ kù." O mọ̀ pé ọdọọdún la máa ń sọ ọ́, èmi àti ìwọ, láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa. Wọ́n bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Mo ní mò ń ránṣọ. Wọ́n ní, "Bí oníbàárà bá wọlé, tó ní kí ẹ sá ti rán aṣọ tó máa gba òun, ṣé ẹ lè gé e?" Mo ní rárá, mo gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ná. Wọn ò sọ nǹkan mìíràn, wọ́n kàn ń wò mí.

Àbẹ̀kẹ́, láti ọdún 1994 ni mo ti ń fi téèpù kọ́rùn. Mo mọ ìwọ̀n ìdajì Bódìjà. Mi ò ṣí ojú ìwé fún ara mi rí, ojú lásán ni mo fi ń gé aṣọ tèmi.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ orúkọ mi sókè bí mo ṣe ń kọ ti oníbàárà, mo sì kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa jáde: ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ wa. Téèpù tuntun ni mo rà, torí èyí tí mò ń lò ti fà, téèpù tó bá sì ti fà máa ń dín ìwọ̀n kù. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kékeré. Ó gbé téèpù lọ sí ibi tí a máa ń so ìró mọ́. Mo ní kì í ṣe ibẹ̀: agbede méjì egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìdí ni, kí n mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí n má fa ikùn sínú. Ó wò ó, ó rọra gbójú sókè, ó ní, "Mọ̀mí, ṣé kí n kọ ọ́?" Mo ní kọ ọ́. Ínṣì 41.

Wọ́n ní ó dára kí ìbàdí èèyàn má tó ìlàjì gíga rẹ̀. Ínṣì 64 ni gíga mi, nítorí náà kò yẹ kí n tó 32. Mi ò kọ 32 sílẹ̀ fún ọjọ́ ìgbéyàwó, ní oṣù Kejìlá. 38 ni mo kọ, nítorí pé mo mọ bí ínṣì mẹ́ta ṣe pọ̀ tó lára aṣọ, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi lè tó o. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ: ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má tó 140 lórí 90 kí oṣù Kẹjọ tó parí. Lábẹ́ ìyẹn, rírìn: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe dá a fún àgbàlagbà. Mo pín in sí 30 lọ́nà márùn-ún.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń jáde, láti ẹnu ọjà Bódìjà dé géètì Yunifásítì. Dókítà ní bí mo bá ń rìn tí mo lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí mi ò lè kọrin, ó ti kánmọ́ tó. Mo máa ń dán an wò. Bí mo bá lè gbé orin ìyìn dé ègbè láìjá, mo mọ̀ pé mò ń fà nílẹ̀ nìyẹn, màá sì yára sí i. Ìṣẹ́jú 34 ni mo fi rìn ín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lánàá, 27. Bí mo bá ti dé géètì kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, màá yí padà, màá rìn ín kún.

Ti iyọ̀ ló ṣòro jù. Gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ kò ju gíráàmù 5 lọ, bíi ṣíbí ìmutíì kan, wọ́n sì ti ka ti inú mágì, ti inú búrẹ́dì àti ti inú irú oníyọ̀ mọ́ ọn. Àwa mẹ́rin la wà nílé. Láràárọ̀ màá bu ṣíbí mẹ́ta péré sínú ife kékeré kan, màá fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ fún búrẹ́dì àti mágì. Bí ife bá ti ṣófo, ó parí títí di ọjọ́ kejì. Mágì mẹ́rin tí mo máa ń jù sọ́bẹ̀ ti di ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá àwọn ọmọ jẹun láìwí nǹkan kan, o sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lọ́dọ̀ tiwọn. Mo fi àlùbọ́sà kún un, mo fi ata rodo àti ẹ̀fìrín sí i, irú tí mo ń fọ iyọ̀ rẹ̀ dànù ni mo ń lò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n bi mí pé ṣé mo tún ti yí ọbẹ̀ padà ni, pé eléyìí dùn. Mi ò yí i padà. Ẹnu wọn ló ti mọ́ ọn lára. Mo yọ̀ débi pé mo wọ yàrá lọ sunkún.

Ohun kan tún kù lójú ìwé náà. O rántí Òkè Ìdànrè? O rántí ẹni tó jókòó níbi ìsinmi kejì, tó bú sẹ́kún pé òun ò gùn mọ́, tí mo fà lọ́wọ́ dókè? Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ 22. Bí mo bá gùn ún lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n, 616 nìyẹn. Mo ti dé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án báyìí, mò ń dúró mí láàárín, dókítà sì mọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí àpò ìrìnnà tìrẹ tó kún, mo fẹ́ kí a gùn ún.

Kí n má gbàgbé: Tóbi ti parí àgùnbánirọ̀, ó ti ríṣẹ́, onílé tún fi kún owó ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Alákàrà ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, àdúgbò ò dùn mọ́ láràárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá o ní orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo bi ọ́ pé ìgbà wo lo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ́yìn. O ní kí n fi fọ́tò gèlè ránṣẹ́. Mo fi í ránṣẹ́, a sọ̀rọ̀ gèlè títí o fi múra iṣẹ́ alẹ́. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ náà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí ò fọ́ èmi rárá nígbà tí tèmi jẹ́ 168. Bó ṣe ń ṣe wá kò lè sọ fún wa.

Màmá sùn, wọn ò jí. Àwa méjèèjì la jọ pa ojú wọn dé. Gbogbo ilé ń pariwo pé ọwọ́ ayé ni, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó gbé wọn lọ, mi ò sì ní sọ pé mo mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo ọdún tí mo fi wọlé tí mo fi jáde lọ́dọ̀ wọn, mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni wé ìdè mọ́ wọn lápá. Ìwọ sì ni ọmọ wọn. Mi ò fẹ́ gba ìpè kankan láti ìlú òyìnbó ní òru. Mi ò lè gbà á.

Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ilé oògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé yín ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, máa ń wọ̀n ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti pé ọmọ 40. Jọ̀ọ́, ní ọjọ́ tí o ò bá ṣiṣẹ́ alẹ́, lọ. Tọ̀ kí o tó jókòó, má mu kọfí lọ, fẹ̀yìn ti àga, jẹ́ kí wọ́n wo apá rẹ bóyá ìdè náà gbà ọ́. Bí o bá sì ń bọ̀, bá mi ra ẹ̀rọ kan tí ìdè rẹ̀ gba apá ínṣì 15, torí ìdè kékeré ló wà lára àwọn tí mo rí nílé oògùn níbí. Màá san owó rẹ̀ fún ọ.

Tèmi jẹ́ 138 lórí 86 ní ọjọ́ Ajé. Ìbàdí ti di 39 àtààbọ̀.

Mo ti ṣí ojú ìwé kan fún ọ, ó kọjú sí tèmi. Mo kọ orúkọ rẹ sókè, mo kọ èjìká, àyà, ìbàdí, ìdí, gígùn apá àti yíká apá. Lábẹ́ wọn mo fa ìlà, mo kọ: nọ́mbà òkè, nọ́mbà ìsàlẹ̀. Mi ò ní fi àlùmọ́gàjí kan léèsì yẹn títí àlàfo méjèèjì á fi kún.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.